Ẹ má tíì gbé sányán Màmá fún télọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí kọjá sísọ, èmi náà ni mo sì fà á. Mo ṣáà kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé ẹgbẹ́ wa, àwa kéréje tí à ń tọpa ìtàn aṣọ l'Ékòó, ń pàdé ní Yábàá ní gbogbo Sátidé kejì oṣù, kí ẹni tó bá ní aṣọ àtijọ́ nínú àpótí gbé e wá ká jọ wò ó. Háà! Àṣé gbogbo Èkó ló ní àpótí. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo kàn ṣa díẹ̀ ni.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Màmá wa kú lóṣù kẹta, lẹ́yìn ìsìnkú la ṣí àpótí wọn, la bá rí aṣọ òkè kan tó wúwo, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká gbé e fún télọ̀ kó fi rán báàgì àti bàtà fún gbogbo wa ká lè máa fi rántí Màmá. Ẹnì kan ní sányán ni, ẹlòmíì ní kò sí sányán mọ́ láyé. Kí ni ká ṣe? (Àbígbẹ̀yìn Màmá, Ṣúúrùlérè)*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Màmá. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n jẹ́ kí àlùmọ́gàjí sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Sányán tòótọ́, òwú ẹ̀ kì í ṣe òwú oko. Kòkòrò kan nínú ìgbẹ́ ló ń hun ilé sára igi, àwọn èèyàn á lọ já ilé yẹn wálé, wọ́n á sè é nínú omi eérú títí á fi rọ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ ran án di òwú. Àwọ̀ tíì ẹlẹ́mílíìkì tẹ́ ẹ rí yẹn, kò sí aláró tó dá sí i, bí kòkòrò ṣe ṣe é nìyẹn. Torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ran án, kì í gún régé, ibì kan á nípọn, ibì kan á tín-ínrín. Nítorí náà ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ mú fọ́nrán kan kẹ́ ẹ máa fojú tọ̀ ọ́ lọ. Tí gbogbo ẹ̀ bá rí bákan náà látòkè délẹ̀, tó tún ń dán yinrin, òwú ẹ̀rọ nìyẹn, wọ́n kàn pa á láró kó lè jọ sányán ni. Ìyẹn náà ò burú, wọ́n ń hun ún dáadáa n'Íṣẹ́yìn títí dòní, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe sányán ní baba aṣọ, òun kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Tó bá ṣì ń ṣe yín bíi pé kò dá yín lójú, ẹ yọ fọ́nrán kan ṣoṣo níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lápá inú, ẹ fi iná ìṣáná kàn án lórí àwo. Tí òórùn ẹ̀ bá dà bí ìgbà tí irun jóná, ti kòkòrò ni. Tó bá dà bí ìgbà tí bébà jóná, òwú lásán ni. Tó bá yọ́, tó ká jọ di hóró kékeré líle, rọ́bà ti wà ńbẹ̀ nìyẹn. Fọ́nrán kan o! Ẹ má lọ jó aṣọ Màmá kẹ́ ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ jó o.

Ọ̀rọ̀ báàgì àti bàtà wá kù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo gé ẹtù ìyá bàbá mi ní 2009, aṣọ dúdú kirimú tó ní ìlà wínníwínní bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, mo fi rán ìrọ̀rí mẹ́fà fún pálọ̀ mi, mo sì ń fi yangàn. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá kí mi. Wọ́n jókòó, wọ́n mú ìrọ̀rí kan, wọ́n ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tún mú òmíì. Mo ní Màámi, kí lẹ̀ ń wá? Wọ́n ní àwọn ń wá ibi tí iná ti jó o. Àṣé àwọn ló ti fìtílà lulẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, iná jó etí aṣọ yẹn bí ẹní fi owó kọ́bọ̀ tẹ̀ ẹ́, ìyá wọn ò sì nà wọ́n, gbogbo ìgbà tí ìyá bá ń ró aṣọ náà ló máa ń pọ́n ibẹ̀ sínú. Mo ti gé ibẹ̀ dànù. Mo ti rò pé àbàwọ́n ni.

Ìyẹn ni mo fi ní kẹ́ ẹ dúró. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aṣọ yẹn, ẹ lọ bá àwọn àbúrò Màmá tó kù láyé, ẹ bi wọ́n pé ta ló rà á, níbo ni wọ́n ti hun ún, òde wo ni Màmá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ, ta ni wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó gba ohùn wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pín in dandan, aṣọ òkè ò nílò kẹ́ ẹ gé e. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, bí ìǹṣì mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á wá rán an pọ̀. Kí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò tú ojú rírán náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀já kan tó gùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ tí gbogbo yín bá fẹ́, ẹ lè tún un rán padà. Bàtà ò ṣeé tún rán padà di ìró.

*Àǹtí mi, ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó ò jìnnà sí ọ̀sà, ìsàlẹ̀ pátápátá là ń gbé. Gbogbo aṣọ òkè àti àdìrẹ mi ni mo dì sí náílọ́ọ̀nù, mo da káńfọ̀ sí i bíi iyọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń bu bíi búrẹ́dì. Kí ni mo ṣe láṣìṣe? (Ìyá Ìbejì)*

Ìyá Ìbejì, náílọ́ọ̀nù yẹn gan-an lọ̀tá yín. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ Èkó ti wọ inú aṣọ kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ wá sé e mọ́lé, kò rọ́nà jáde. Ẹ tú gbogbo ẹ̀ síta lábẹ́ ibòji, kì í ṣe oòrùn o, oòrùn á ṣá a, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ibi tó bu kúrò níta gbangba, ẹ bo imú yín. Ẹ wá ra aṣọ òwú funfun, ẹ fọ̀ ọ́ láìfi sítáàṣì tàbí búlúù sí i, òun lẹ máa fi wé aṣọ dípò náílọ́ọ̀nù.

Ẹ má ṣẹ́ ẹ po ní ṣíṣẹ́po tó le, ibi tí ìṣẹ́po bá wà lọ́dún mẹ́wàá ni aṣọ á ti já. Ẹ ká a bí ẹní. Àwọn aláṣọ ní ọjà Balógun máa ń da páálí róbótó gbọọrọ tí wọ́n ká aṣọ sí lára nù, ẹ tọrọ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun yẹn wé páálí náà dáadáa torí páálí ní ásíìdì tó ń sọ aṣọ di ẹlẹgẹ́. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé àpótí kúrò nílẹ̀. Káńfọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ lára rárá, bóyá ẹ ò tiẹ̀ nílò ẹ̀, ẹ ṣáà máa ṣí àpótí yẹn lóòrèkóòrè, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ń lo fírísà fún kòkòrò. Ó ṣiṣẹ́: wọ́n á wé aṣọ, wọ́n á dì í pinpin sínú náílọ́ọ̀nù (ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà fún náílọ́ọ̀nù nìyí), ó di ọ̀sẹ̀ méjì nínú òtútù tó le, wọ́n á gbé e síta lódidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó tú u kí omi má bà á. Ṣùgbọ́n tí NEPA àdúgbò yín bá rí bíi tàdúgbò mi, ẹ má dán an wò. Kòkòrò tó yọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan lè má kú, ó lè kàn sùn ni.

*Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ìyàwó mi ń jà. Ó ní léèsì ni aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá, mo ní ọjà òyìnbó ni. Ẹ bá wa dá a. (Bàbá Ṣadé, Ẹbúté Mẹ́ta)*

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ lọ jẹun. Láti nǹkan bíi 1960 sókè ni àwọn ilé iṣẹ́ ní ìlú Lustenau, l'Austria, ti ń fi ẹ̀rọ kọ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ fún ọjà tiwa, àwọn ará St. Gallen ní Switzerland náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n kó wá fún wa o. Àwọn ìyálọ́jà Èkó ló ń sọ irú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, irú òdòdó tí wọ́n fẹ́, bí ihò á ṣe tóbi tó, òyìnbó á sì lọ ṣe é. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tiwa tí ìyẹn ò bá ṣe tiwa. Ní 2011 wọ́n pàtẹ ìtàn léèsì yìí ní mùsíọ́mù Oníkàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàtẹ ẹ̀ ní Vienna. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí wọ̀ńyòsí, léèsì oníhò olówó gọbọi ayé owó epo. Òkìkí ẹ̀ kàn débi pé Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ ẹ̀ pe eré orí ìtàgé kan ní 1977, ó sì dájú pé kì í ṣe láti fi yìn wá.

*Télọ̀ mi ní òun lòún ṣẹ̀dá ìró oní-síìpù, ó sì ń gba owó orí ẹ̀ lọ́wọ́ mi. (Ọmọge Yábàá)*

Ẹ gba ṣéńjì yín. Ṣadé Thomas-Fahm tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní London tó padà sí Èkó ní 1960 ti ń ṣe ìró tí èèyàn kàn máa kó sọ́rùn ìdí láìní máa wé e, ó tún ń ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, wọ́n sì ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace kí ìyá télọ̀ yín tó lọ́kọ.

*Ẹ káàsán mà. Mo ní fọ́tò ìyá tó bí ìyá àgbà mi ní Pópó Àgùdà. Gáùn gígùn ló wọ̀, ó dé ọrùn, apá ẹ̀ wú gbàǹgbà lókè. Ọmọ mi bi mí pé ṣé wọ́n kórìíra ìró ni. Mi ò mọ èsì. (Ìyá Bọ́láńlé, Láfíàjí)*

Màámi, mo fẹ́ràn lẹ́tà yìí jù. Wọn ò kórìíra nǹkan kan. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé àti àwọn Sàró tó ti Sẹria Lóònù dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí òbí wọn ni wọ́n ti mú lẹ́rú rí. Gáùn tí wọ́n rán bá ara mu, bàtà, ìbọ̀wọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn kì í ṣẹrú ẹnikẹ́ni. Lójú wọn, aṣọ òmìnira ni. Ìgbà tó yá làwọn kan nínú wọn wá yí i po. David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ yẹn tì ní 1894, ó di Mójọlá Agbébí, aṣọ Yorùbá ló sì ń wọ̀, kódà nígbà tó lọ sílùú òyìnbó. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì náà, ìyá tó kàwé ní England, kó gáùn tì láàárín ọdún 1940 sí 1949, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ kí àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta má bàa rí i bí ẹni tó ga jù wọ́n lọ. Aṣọ kan náà ni, ohun tí wọ́n fi ń sọ ló yí padà.

Apá gáùn tẹ́ ẹ ní ó wú yẹn, tó bá wú láti èjìká tó wá fún mọ́ ọwọ́ nísàlẹ̀, ẹ fi ojú sí 1893 sí 1897, ìgbà yẹn ló gbòde jù lọ́dọ̀ òyìnbó, kò sì pẹ́ tó fi ń dé Èkó. Ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ wò ó bóyá òǹtẹ̀ ayafọ́tò wà ńbẹ̀. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan kan sí i o, pẹ́ńsù ni, kẹ́ ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò la máa gbájú mọ́ nípàdé tó ń bọ̀, ẹ fi fóònù ya tiyín wá, ẹ fi ojúlówó sílé. Àwọn tó ń bèèrè pé ṣé télọ̀ nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́, rárá o. A ní tíṣà, a ní bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ ojú irin, télọ̀ ò ju méjì lọ. Irú ẹgbẹ́ yìí ti wà ní Bìrìtìkó láti 1964 àti l'Amẹ́ríkà láti 1973, wọ́n ń tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún. Àwa ò tíì ní ju búrẹ́dì àti àkàrà tí a fi ń ṣèpàdé.

*Àǹtí, ṣé mo lè wọ sányán bàbá mi ṣègbéyàwó ní December? (Akọ Ọkọ Ìyàwó, Agége)*

Àtijọ́ ni àbí ti ìsinsìnyí? Tó bá jẹ́ àtijọ́, wọ̀ ọ́ sí ìdúró fọ́tò, wọ síńgílẹ́ẹ̀tì olápá sínú ẹ̀ kí òógùn má kàn án, fi lọ́fíńdà sára ṣáájú kí o tó wọ̀ ọ́, má fọ́n ọn sáṣọ. Tí wọ́n bá ti ń gbé ìlù bọ̀, lọ pààrọ̀ ẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, wọ́n á náwó lé ọ lórí, òógùn àti yíǹkì náírà tuntun á parapọ̀, alágbàfọ̀ kankan l'Ágége ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.