Ìrìn òkè ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún ẹni tí kò ṣe é rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá amọ̀nà. Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà orí òkè kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ká sun òru méjì nínú àgọ́. Gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 54, a sì ti pín in sí 18 lójúmọ́. Ọjọ́ kejì la máa gun òkè jù, ó tó mítà 900. A ò sun inú igbó rí, ṣùgbọ́n a máa ń rin kìlómítà mẹ́jọ ní gbogbo Sátidé. Mo di àpò mi, mo gbé e sórí ìwọ̀n, ó wọn kílò 19. Èmi fúnra mi wọn kílò 65. Kí ni kí n yọ kúrò? Ṣé a lè mu omi odò tó wà lójú ọ̀nà? Àbúrò mi tún ní tí fóònù bá ti wà, kò sí ohun tí a fẹ́ fi máàpù oníwèé ṣe. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹrù lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀nà náà mú un, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kìlómítà 18 lójúmọ́ ti pọ̀ jù fún ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith fi ìṣirò kan lélẹ̀ lọ́dún 1892 tí àwa tá a ń mú èèyàn gun òkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí a tún fi wákàtí kan lé e fún mítà 600 tí a bá gùn. Ẹ fi wo ọjọ́ kejì yín. Kìlómítà 18 á gbà yín ní wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36. Mítà 900 á gba wákàtí kan ààbọ̀. Gbogbo ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní wákàtí márùn-ún. Béèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, kò le. Àmọ́ ẹni tára ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, tí ẹrù ò wọ̀ lọ́rùn, tí kò sì dúró níbì kankan ni ìṣirò náà wà fún. Ẹni tó ń gbé àgọ́ kọ́rùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ bá a fi ìdajì kún un. Ó ti ń lọ sí wákàtí mẹ́jọ nìyẹn, ẹ ò tíì jẹun, ẹ ò tíì pọnmi, ẹ ò tíì ṣìnà kí ẹ padà, àbúrò yín ò sì tíì ya fọ́tò kan. Ilẹ̀ á ti fẹ́ẹ̀ ṣú kí ẹ tó débi tí ẹ máa sùn.

Ìrìn Sátidé yín dáa, ẹ má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré nìyẹn, ẹ sì ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín lálẹ́. Lórí òkè, ẹsẹ̀ tó ro yín lónìí náà lẹ máa gbé rìn lọ́la. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kìlómítà mẹ́jọ sí 12 lójúmọ́ tó, àgàgà lọ́jọ́ tí gígun òkè bá pọ̀. Ẹ mú apá kan nínú ọ̀nà yẹn, bíi kìlómítà 28, kó jẹ́ apá tó ní ibi tí èèyàn lè gbà já sí títì ní ìdajì ọ̀nà. Òkè ò lọ síbì kankan, ìyókù á dúró dè yín.

Ó wá ku ti kílò 19. Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé kí ẹrù ìrìn ọlọ́jọ́ púpọ̀ má kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹni tó gbé e. Kílò 13 ni tiyín, omi àti oúnjẹ sì wà nínú ẹ̀. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín o, mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń jẹ ìwọ̀n: àgọ́, àpò ìsùn, àti àpò ẹ̀yìn fúnra ẹ̀. Tí ẹ bá yá èyí tó fúyẹ́, tàbí tí ẹ háyà ẹ̀, ẹ lè dín kílò mẹ́ta sí mẹ́rin kù lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní kí ẹ ra nǹkan olówó ńlá kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ràn ìrìn yìí rárá. Ẹ̀yin méjèèjì ò sì gbọ́dọ̀ gbé àgọ́ méjì. Kí ẹnì kan gbé aṣọ àgọ́, kí ẹnì kejì gbé ọ̀pá àti èèkàn. Sítóòfù kan, ìkòkò kan, ohun èlò ìtọ́jú ọgbẹ́ kan.

Aṣọ ni ibi kejì tí ẹrù máa ń fara pamọ́ sí. Èyí tí ẹ wọ̀ rìn àti èyí tó gbẹ tí ẹ máa wọ̀ sùn ti tó, pẹ̀lú ẹ̀wù òjò, ẹ̀wù kan tó móoru àti ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa pààrọ̀. Aṣọ ìsùn yẹn ò gbọ́dọ̀ fojú kan òjò, ẹ dì í sínú ọ̀rá. Ẹ fi ṣòkòtò jíǹsì àti ẹ̀wù òwú sílẹ̀ nílé: òwú máa ń fa omi mu, kì í tètè gbẹ, tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ sí i, ó ń fa ooru kúrò lára. Òtútù lè pa èèyàn lára burúkú láìjẹ́ pé yìnyín já bọ́; òjò àti atẹ́gùn ti tó o. Ní ti oúnjẹ, èyí tó gbẹ, tó ń fúnni lágbára dáadáa, bíi gíráàmù 700 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ má gbé ẹní fóòmù nítorí ó gba àyè. Ilẹ̀ ló ń jí ooru ara gbé lóru ju atẹ́gùn lọ, àpò ìsùn tí ẹ fara tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò sì lè dí i lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa gbé e náà ṣe pàtàkì. Kí àpò ìsùn wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ohun tó wúwo, bí oúnjẹ àti omi, wà láàárín, kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín dáadáa, kí ẹ̀wù òjò wà lókè níbi tí ọwọ́ á ti tètè bà á. Tí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ kọ́kọ́ tú okùn èjìká sílẹ̀, ẹ gbé bẹ́líìtì ìbàdí lé orí egungun ìbàdí gan-an, kì í ṣe ikùn, ẹ fún un, kí ẹ tó wá fa okùn èjìká díẹ̀díẹ̀. Ìbàdí ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Tí èjìká bá ń ro yín lẹ́yìn wákàtí kan, bẹ́líìtì ló ti sún wálẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń mú lọ padà sílé. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kù. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ pé gìgísẹ̀ ń gbóná níbì kan, ẹ dúró níbẹ̀ gan-an, kódà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi tán. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbọn iyanrìn inú ìbọ̀sẹ̀ dànù, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ fi téèpù ìtọ́jú ọgbẹ́ lẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ láìjẹ́ kó hunjọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti dá àwọn yòókù dúró, ni wọ́n á bá mú un mọ́ra títí á fi di ìléròrò.

Omi odò, ẹ lè mu ún, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá wà ní ibi tó ga ju mítà 2,000 lọ, kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí pé omi kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ kó tó hó lókè. Asẹ́ omi kékeré yá ju síse lọ, ó ń mú kòkòrò bakitéríà, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ò lè mú fáírọ́ọ̀sì. Níbi tí èèyàn tàbí ẹran ọ̀sìn bá ń gbé lókè odò, mo fẹ́ràn síse jù. Tí òtútù bá mú débi pé omi ń dì, ẹ gbé asẹ́ náà sùn nínú àpò ìsùn, torí èyí tó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i lójú. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà ẹ wo orí máàpù ibi tí odò wà kí ẹ tó pọn lítà mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá odò náà kì í gbẹ lásìkò tí ẹ ń lọ. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá fẹ́ yàgbẹ́, ẹ jìnnà sí omi tó mítà 60, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ bò ó.

Kí ọjọ́ tó pé, ẹ di àpò yín bí ẹ ṣe máa gbé e gan-an, ẹ gbé e rìn lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ẹ sì sun òru kan nínú àgọ́ níbi tí ẹ ti lè rìn wọlé tí nǹkan bá yí. Ẹ pa àgọ́ náà nínú òkùnkùn. Ẹ dáná. Lówùúrọ̀, ẹ da gbogbo ẹrù sílẹ̀, ẹ wo èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn. Èyí tí kì í bá ṣe ti ìtọ́jú ọgbẹ́, ẹ̀wù òjò tàbí tọ́ọ̀ṣì nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ọ̀nà yìí ni kílò mẹ́fà yẹn máa gbà kúrò láìjẹ́ pé èmi ló sọ ọ́ fún yín.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé ó jàre díẹ̀. Fóònù lè fi ibi tí ẹ wà hàn yín láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni GPS ti ń gbọ́ tiẹ̀, tí ẹ bá ṣáà ti gba máàpù náà sórí ẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Kó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀, nítorí wíwá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri lórí òkè ló ń jẹ bátìrì. Ṣùgbọ́n òtútù náà ń jẹ bátìrì, ojú fóònù sì ń fọ́. Máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì ò tó gíráàmù 200 lápapọ̀. Kó gbé e, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ kọ ìwé kan sílẹ̀ fún ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: ọ̀nà tí ẹ ń gbà, ibi tí ẹ máa sùn lóru kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ àgọ́ yín, ìgbà tí ẹ máa jáde, àti aago tí ẹni náà gbọ́dọ̀ pe àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí tí kò bá tíì gbúròó yín. Ẹ má fi aago yẹn sí wákàtí tí ẹ ń retí láti jáde. Ẹ fún ara yín láyè wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ sì pè é ní gbàrà tí ẹ bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ tó wá oúnjẹ lọ.