Ẹ Bi Bàbá Akọ̀wé: Ọmọ wa tó ń jẹ́ Kovalenko

Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi ọkùnrin, Ibrahim, wà lára àwọn tí ìjọba Kérékou, ààrẹ Benin wa nígbà náà, rán lọ kàwé ní Kiev, olú-ìlú Ukréìn. Ó bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀ kí ó tó padà wálé, ìyá ọmọ kò sì tẹ̀lé e. Àbúrò mi ti ṣaláìsí. Ọmọ náà ti dàgbà dáadáa, ó wá wa kàn lórí fóònù, ó ní Olena ni òun, òun sì fẹ́ wá sí Kétu wá rí sàréè bàbá òun. Ó fi àwòrán ìwé ìbí rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n tú sí Faransé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Kovalenko Elena Ibraguimovna. Àwọn àgbà ilé ní kò sí orúkọ wa kankan nínú rẹ̀, pé wọ́n ti gba ọmọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹnìkan tún ní alágbẹ̀dẹ ni Kovalenko, pé orúkọ Ògún ni, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni gbogbo ilé wa. Kí ni orúkọ yìí? Kí ni a ó sì máa pe ọmọ náà?
Ìyá Ràfíà, Kétu

Ìyá Ràfíà, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run kí ó forí ji Ibrahim. Inú ìwé tí àwọn àgbà ní kò sí orúkọ yín yẹn gan-an ni àbúrò yín wà.

Ẹ mú Ibraguimovna, kí ẹ gé “ovna” kúrò ní ìdí rẹ̀. Ibraguim ló kù. Èdè Rọ́ṣíà kò ní irú “h” tí àwa ń pè. “G” ni wọ́n sábà máa ń fi dípò rẹ̀ nínú orúkọ àjèjì. Nígbà tí ẹni tó tú ìwé sí Faransé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní láti ki “u” bọ àárín kí “g” náà má baà di ohùn mìíràn lẹ́nu àwọn Faransé. Bí Ibrahim ará Kétu ṣe di Ibraguim nìyẹn. “Ovna” ń sọ pé ọmọbìnrin rẹ̀ ni. Ká ní ọkùnrin ni, Ibraguimovitch ni wọn ì bá kọ.

Lọ́dọ̀ wọn, ní Rọ́ṣíà, Ukréìn àti Belarus, orúkọ bàbá tó ń wà láàárín yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yàn. Akọ̀wé á bèèrè orúkọ bàbá ọmọ, á so ìrù mọ́ ọn, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Òun ni wọ́n sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọmọ ilé ìwé kì í pe olùkọ́ rẹ̀ ní Olena lásán, kì í sì í pè é ní Madame Kovalenko. Olena Ibrahimivna ni yóò pè é. (“Ivna” ni ti Ukréìn, “ovna” ni ti Rọ́ṣíà. Abẹ́ Sófíẹ̀tì ni Ukréìn wà títí di 1991, èdè Rọ́ṣíà ló sì gba iwájú nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ní Elena, tí òun fúnra rẹ̀ ní Olena. Orúkọ kan náà ni.) Láti ìgbà tí ọmọ yín ti di ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún, orúkọ àbúrò yín ni wọ́n ń pè mọ́ tirẹ̀ ní gbangba. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn àgbà ilé.

Ó wá kan Kovalenko. Ẹni tó ní alágbẹ̀dẹ ni kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Koval ni alágbẹ̀dẹ lédè Ukréìn, láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí ènìyàn rọ irin. “Enko” tó tẹ̀lé e ń sọ pé ọmọ rẹ̀ ni. Kovalenko, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn Ukréìn ni “enko” pọ̀ sí; bí ẹ bá kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, Kovalchuk ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́.

Kì í ṣe ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní irú orúkọ yìí. Àwa a máa wo ilé kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Tiwọn, aládùúgbò ló sọ ọ́. Ivan pọ̀ lábúlé, wọ́n á ní, “Ivan wo?” “Ivan ọmọ alágbẹ̀dẹ.” Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé dé. Ní 1649, lẹ́yìn àdéhùn Zboriv, ọba Pólándì gbà kí àwọn jagunjagun Kozak tí Bohdan Khmelnytsky ń darí jẹ́ 40,000. Wọ́n wá kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ọ̀hún wà títí dòní, àwọn orúkọ tó parí sí “enko” sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Èmi tí mo fi kíkọ ìwé ìbí jẹun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn akọ̀wé yẹn ni mo máa ń ro. Ọmọ ogun dúró níwájú tábìlì, oòrùn ń pa á, ó ní Ivan ni òun. Akọ̀wé ní, Ivan ọmọ ta? Ohun tó bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ yóò máa jẹ́. Mo ti rí bàbá tó jẹ́ pé ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é lọ́jà ni ó sọ fún mi nígbà tí mo bèèrè orúkọ ìdílé, tó sì ń bínú pé mo tún un bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ló di orúkọ lọ́dọ̀ wọn. Shevchenko tí àwọn ọmọ yín mọ̀, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Milan tó sì gba Ballon d'Or ní 2004, ọmọ aránbàtà ni orúkọ rẹ̀. Tkachenko, ọmọ ahunṣọ. Honcharenko, ọmọ amọ̀kòkò. Bondarenko, ọmọ ẹni tó ń kan àgbá onípákó. Ṣùgbọ́n ti alágbẹ̀dẹ ló tàn káàkiri jù, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: gbogbo abúlé kún fún àgbẹ̀, nítorí náà “ọmọ àgbẹ̀” kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, kò sì sí ẹni tí kò ní gbé ọkọ́ tàbí ẹṣin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Rọ́ṣíà, Kuznetsov ni. Ní Pólándì, Kowalski. Àwọn Czech ń jẹ́ Kovář, àwọn Serbia àti Croatia ń jẹ́ Kovač àti Kovačević. Àwọn ará Hungary tí èdè wọn kò bá tàwọn yòókù tan rárá tọrọ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń jẹ́ Kovács. Nítorí náà, kò sí ìdílé Kovalenko kan tó bí gbogbo Kovalenko ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín wá “orírun Kovalenko” lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi owó yín ra iṣu.

Ẹ̀rù Ògún ńkọ́? Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kò lè ya àgbẹ̀dẹ kúrò lára Ògún. Ẹni tó bá ń jẹ́ Ògúndélé, ilé tó ti wá ti hàn. Koval kò ní òrìṣà kankan nínú. Iṣẹ́ ni, bí ẹní pe ènìyàn ní télọ̀. Kírísítẹ́nì sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń jẹ́ ẹ. Kì í wá ṣe pé wọn kò bẹ̀rù alágbẹ̀dẹ o. Ní gúúsù Kiev, odi amọ̀ àtayébáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Odi Ejò. Ìtàn àwọn àgbà wọn ni pé ejò ńlá kan ń jẹ ènìyàn ní ilẹ̀ náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ méjì, Kuzma àti Demian, tilẹ̀kùn irin mọ́ ara wọn nínú àgbẹ̀dẹ. Ejò ti ahọ́n bọlé, wọ́n fi ẹ̀mú gbígbóná gbá ahọ́n náà mú, wọ́n so ejò mọ́ ohun èlò ìtúlẹ̀, wọ́n sì fi túlẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ebè tó yọ níbẹ̀ ló di odi. Ejò náà mu omi títí ó fi bẹ́. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ní yàrà àti ẹnubodè Àkàbà Ìdènà tiyín, ẹ bi Olena ní ìtàn yìí bí ó bá dé, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ọ rí. Fún àwọn àáfà ilé yín, ẹ rán wọn létí pé inú Kùránì ni ó wà, nínú súrà Sabaʾi, pé Ọlọ́run mú irin rọ̀ fún Ànábì Dáúdà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kò ní mú ojú tì yín.

Àwa ará Àjàṣẹ́ kò tilẹ̀ lè fi orúkọ ìwé ṣe ẹnikẹ́ni ní àjèjì. Ẹ wo àwọn Àgùdà tó wà láàárín wa. Da Silva túmọ̀ sí “ti igbó” lédè Potogí, Paraïso sì ni párádísè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní baba ńlá tó jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí orúkọ olówó rẹ̀ tàbí ti ẹni tó rì í bọmi sì bá a padà wálé. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ kí á tó pín ẹran fún wọn.

Ohun tí ẹ ó máa pè é: ẹ sọ ọ́ lórúkọ nílé, kí áàfà ṣe é bó ti yẹ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í pé kó lọ yí Kovalenko padà nínú ìwé. Ìwé tí kò bára mu ń dá ènìyàn dúró. Mo mọ ọkùnrin kan tí ìwé ìbí rẹ̀ ní Adéchina, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó gbà ní òkè ọ̀hún, ní Nàìjíríà, ní Adesina. Ọ́fíìsì kan lé e kiri títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, wọ́n ní ènìyàn méjì ni. “Ch” Faransé ló fa gbogbo rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ló máa ń sọ Kovalchuk di Kovaltchouk, tó ń sọ Shevchenko di Chevtchenko. Ọpẹ́ ni pé Kovalenko kò ní lẹ́tà tí Faransé lè dà rú. Elena àti Olena nìkan ni kí ó ṣọ́. Èyí tó bá wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni kí ó kọ sórí gbogbo fọ́ọ̀mù, kí ó sì mú ìwé ìbí náà dání, torí òun ló so ó pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹ bá mi kí i bí ó bá dé.

Bàbá, nínú ìwé àdúrà Àánú Ọlọ́run, wọ́n pe ẹni mímọ́ Faustina ní Kowalska, ṣùgbọ́n wọ́n pe bàbá rẹ̀ ní Kowalski. Èwo ni wọ́n ṣì kọ?
Ọmọ Kátólíìkì kan, Sábẹ

Wọn kò ṣi ọ̀kankan kọ. Ní Pólándì, orúkọ ìdílé tó bá parí sí “ski” fún ọkùnrin ń parí sí “ska” fún obìnrin. Bàbá ni Kowalski, ọmọbìnrin ni Kowalska, bí ó bá ní arákùnrin, Kowalski ni. (Kovalenko ti òkè yẹn kì í yí padà, lákọ lábo.) Helena ni wọ́n sọ Faustina nígbà tí wọ́n bí i ní 1905, Póòpù John Paul Kejì, ọmọ Pólándì bíi tirẹ̀, ló kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 2000. Bí ẹ bá sì ka ohun tí mo kọ fún Ìyá Ràfíà, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ wà nínú orúkọ náà. Àmọ́ “ski” lè tọ́ka sí abúlé tí wọ́n ti wá pẹ̀lú, torí abúlé tó ń jẹ́ Kowale wà ní Pólándì. Iṣẹ́ bàbá Faustina fúnra rẹ̀? Àgbẹ̀ ni, ó sì tún ń ṣe káfíńtà.