Gbájúẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà Bàbá mi fún ìṣẹ́jú 20: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ń ka ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá ṣàdédé pọ́n, tí ariwo ń jáde. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, pé kí wọ́n má pa á, kí wọ́n tètè pe nọ́ńbà kan. Bàbá pè é. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní òṣìṣẹ́ Microsoft lòun. Ó ní kí wọ́n dáúnlóòdù AnyDesk, ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó àtúnṣe ni ara fu Bàbá, tí wọ́n pa fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò, pé bó bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ṣé lóòótọ́ ló parí?

ÌDÁHÙN

Kò tíì parí. Antivirus wà lára iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣáájú, bó bá sì sọ pé kọ̀ǹpútà mọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ sùn. AnyDesk kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Áàpù gidi ni, àwọn iléeṣẹ́ ń lò ó láti tún kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ wọn ṣe láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni TeamViewer, bẹ́ẹ̀ náà ni Quick Assist tó bá Windows wá. Antivirus lè yẹ gbogbo fáìlì wò, kó ní kò sí nǹkan kan, nígbà tí ilẹ̀kùn tí gbájúẹ̀ gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lójú kọ̀ǹpútà, olè kọ́ ló wọlé, àlejò tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ni.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gé e kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ìdáhùn yìí. Ẹ tẹ àmì Wi-Fi tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́ ẹ pa á. Bó bá jẹ́ wáyà ló ń lò, ẹ fà á yọ. Bí gbogbo ẹ̀ bá rú yín lójú, ẹ pa rọ́útà. Kí ló dé tí a ò kàn ní kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà kó tán síbẹ̀? Nítorí pé AnyDesk tí wọ́n bá ti tẹ Install fún máa ń jí pẹ̀lú Windows. Ẹni tó bá sì ti fi páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀ sí abẹ́ Unattended Access nínú rẹ̀ lè padà wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ Accept. Ẹ lè tan kọ̀ǹpútà lọ́la láti tẹ lẹ́tà kan péré, kó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti Bàbá, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi ìbínú béèrè o. Àgbàlagbà tí ojú bá ń tì máa ń fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́, ìdajì yẹn gan-an ló sì máa ń jẹ́ nọ́ńbà káàdì. Ohun mẹ́ta lẹ fẹ́ mọ̀. Ṣé wọ́n ṣí ojú-ìwé báńkì tàbí ímeèlì nígbà tí ọkùnrin náà ń wò? Ṣé wọ́n ka nọ́ńbà káàdì, PIN, tàbí kóòdù tó wọlé sórí fóònù wọn fún un? Ṣé ìgbà kan wà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, tí ọkùnrin náà ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́? Èyí tó kẹ́yìn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. AnyDesk ní ohun kan tó ń jẹ́ Privacy Mode. Bí wọ́n bá ti tàn án, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú fún ẹni tó jókòó tì í, ẹni tó wà lókèèrè á sì máa rí gbogbo ẹ̀, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹni tó ń kọjá lọ́ọ́fíìsì má bàa ka iṣẹ́ rẹ̀. Gbájúẹ̀ ti rí ìlò mìíràn fún un.

Bí ìdáhùn sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, báńkì ló kàn, kódà kí kọ́bọ̀ má tíì jáde. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ má wá nọ́ńbà báńkì lórí Google, torí àwọn oníjìbìtì máa ń sanwó ìpolówó kí nọ́ńbà tiwọn lè jáde lókè pátápátá. Ẹ ní kí báńkì ti káàdì náà pa, kí wọ́n ṣe òmíràn, kí wọ́n sì bá yín wò ó bóyá wọ́n ti fi orúkọ àjèjì kankan kún àwọn tí àkáǹtì Bàbá lè fowó ránṣẹ́ sí.

Ímeèlì ló tẹ̀ lé e. Orí fóònù yín tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kẹ́ ẹ ti ṣe é: ẹni tó bá ń yí páásìwọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣì ń wò, ńṣe ló ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun lójú olè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ sí Facebook kọ́kọ́. Ẹ rò ó wò ná. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti sọ pé ẹ ti gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù, ibo ni wọ́n máa ń fi líǹkì tẹ́ ẹ máa fi ṣe tuntun ránṣẹ́ sí? Ímeèlì ni. Ẹni tí ímeèlì bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyókù ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ Gmail ni Bàbá ń lò, ẹ lọ sí myaccount.google.com, kẹ́ ẹ wọ Security. Ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù níbẹ̀, ẹ tan 2-Step Verification (tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páásìwọ́ọ̀dù), kẹ́ ẹ sì wò ó pé nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì kejì tó wà níbẹ̀, tiwọn ni. Ẹ wá wọ Your devices, ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ jáde, kọ̀ǹpútà tí gbájúẹ̀ wọ̀ yẹn náà gbọ́dọ̀ jáde. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò ló kù. Ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn ṣí Gmail fúnra rẹ̀, ẹ tẹ àmì tó dà bí eyín jíà, ẹ tẹ See all settings, kẹ́ ẹ wo Forwarding and POP/IMAP àti Filters and Blocked Addresses. Bí ẹnì kan bá ti fi àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà á máa lọ bá a, ẹ ì báà yí páásìwọ́ọ̀dù nígbà mẹ́wàá. Filter, ìyẹn àṣẹ tó ń darí lẹ́tà fúnra rẹ̀, tó ń da lẹ́tà báńkì sínú Trash náà lè wà níbẹ̀, tí Bàbá á kàn máa rò pé báńkì ò kọ̀wé.

Ti páásìwọ́ọ̀dù tí Chrome tàbí Edge ti bá wọn pa mọ́ ńkọ́? Ẹ kà á sí pé gbogbo ẹ̀ ti hàn. Lóòótọ́, Chrome máa ń béèrè PIN Windows kó tó fi páásìwọ́ọ̀dù han èèyàn, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí gbájúẹ̀ bá kà á. Á kàn ṣí ojú-ìwé tó fẹ́, Chrome á bá a kọ ọ́ síbẹ̀, ó di wíwọlé. Ẹ yí ti báńkì, ti ibi tí wọ́n ti ń rajà, àti ti ibikíbi tí nọ́ńbà káàdì wọn bá wà. Ìyókù lè dúró di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, tí ẹ so pọ̀, sàn ju lẹ́tà mẹ́jọ tí wọ́n kó àmì sí, torí gígùn ló ń mú páásìwọ́ọ̀dù le, Bàbá á sì lè rántí rẹ̀. Kí ti ibì kan má jọ ti ibòmíràn. Bí wọ́n bá kọ wọ́n sínú ìwé kékeré tí wọ́n tọ́jú sínú yàrá, kò burú: gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè na ọwọ́ débẹ̀.

Ó kù kẹ́ ẹ fọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní pípa. Ẹ ṣí Settings, Apps, Installed apps, kẹ́ ẹ tò wọ́n pẹ̀lú Date installed, kí èyí tó wọlé lọ́jọ́ yẹn lè bọ́ sókè. Ẹ yọ AnyDesk, ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi èkejì sílẹ̀ láìsọ fún onílé, ScreenConnect tàbí UltraViewer, kí ọ̀kan lè wà bí ọ̀kan bá lọ. AnyDesk tí wọn ò tẹ Install fún kì í hàn níbẹ̀ rárá, inú Downloads ló máa ń wà, ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo Startup lábẹ́ Apps kan náà, kẹ́ ẹ sì wo Other users lábẹ́ Accounts, bóyá orúkọ kan wà tẹ́ ẹ ò mọ̀.

Ìgbà yìí ni àkókò antivirus tó. Ẹ ṣí Windows Security, Virus & threat protection, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ Manage settings lọ wo Exclusions. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún Defender, antivirus tó bá Windows wá, pé kó má yẹ ibì kan wò. Lórí kọ̀ǹpútà inú ilé, ó yẹ kó ṣófo. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, torí yíyẹ̀wò tó bá ń fo ibi tí olè sápamọ́ sí kò wúlò. Ẹ wá tẹ Scan options, ẹ mú offline scan, kẹ́ ẹ tẹ Scan now. Kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún tan, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti offline yìí ni pé ohun búburú tó máa ń bá Windows jí kò tíì rí ààyè fi ara pamọ́.

Ìṣẹ́jú 20 pọ̀ o. Bí Bàbá bá sọ pé ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, tàbí pé wọ́n rí i tó ń gbé fáìlì wọlé, èmi ò ní fi kọ̀ǹpútà náà wọ báńkì mọ́ títí tí wọ́n á fi tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ da fọ́tò àti lẹ́tà wọn sí orí díìsìkì mìíràn, ẹ má da ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe, kẹ́ ẹ wá lọ sí Settings, System, Recovery, Reset this PC, kẹ́ ẹ mú Remove everything. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Àmọ́ ó tán níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí Bàbá ṣì máa sọ pé àwọn fojú ara àwọn rí àṣìṣe náà. Wọ́n rí i lóòótọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi han èèyàn ni Event Viewer, àmì pupa àti ofeefee lọ bẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà ní in, torí Windows máa ń kọ gbogbo ohun kékeré tí kò bọ́ sí i síbẹ̀. Òmíràn á ṣí fèrèsé dúdú tó ń jẹ́ Command Prompt, á kọ assoc síbẹ̀, ìlà á jáde wìrìwìrì. Ọ̀kan nínú wọn máa ń ní nọ́ńbà 888DCA60-FC0A-11CF-8F0F-00C04FD7D062. Á ka nọ́ńbà náà fún Bàbá láti ọwọ́ tirẹ̀, á ní kí wọ́n wò ó bóyá ó bá èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà mu. Ó bá a mu, àbí? Á ní ẹ̀rí rèé pé Microsoft mọ kọ̀ǹpútà wọn. Nọ́ńbà kan náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà Windows yòówù, ẹ kọ assoc sórí tiyín, ẹ ó rí i.

Ojú pupa yẹn fúnra rẹ̀, ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni. Ó kàn gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà kí ibi tí èèyàn ti ń pa á má bàa hàn. Bó bá tún yọ, kí Bàbá tẹ Esc mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí kò bá lọ, kí wọ́n tẹ Alt àti F4 pọ̀. Bó bá tún ṣorí kunkun, Ctrl, Shift àti Esc á ṣí Task Manager, kí wọ́n mú Chrome tàbí Edge níbẹ̀, kí wọ́n tẹ End task. Bí wọ́n bá ṣí i padà, tó ní ṣé kí òun tẹ Restore, kí wọ́n kọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú-ìwé yẹn náà ló máa gbé padà wá. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ rẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà, ẹ ti mọ ẹni tó kọ ọ́.

Nọ́ńbà Bàbá ti wà lọ́wọ́ wọn báyìí, nítorí náà ẹ retí kí ẹlòmíràn pè láìpẹ́, kó ní iléeṣẹ́ àwọn ti tì pa, pé àwọn fẹ́ dá owó padà fún àwọn oníbàárà. Á ní kí wọ́n wọ báńkì wọn lójú òun, á sì kígbe pé òun ti ṣèèṣì fi owó púpọ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá èyí tó lé padà. Bàbá á wo ojú-ìwé báńkì, owó náà á wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ tẹ F12 lórí ojú-ìwé yòówù tó wà níwájú yín nínú Chrome, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà kan nínú ohun tó bá jáde, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ kọ òmíràn dípò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe owó yẹn nìyẹn, kò sí nínú báńkì. Ẹ pe Bàbá kí wọ́n wá wò ó bẹ́ ẹ bá ń ṣe é, kẹ́ ẹ wá tẹ F5 lójú wọn, kí wọ́n rí bí iye àtijọ́ ṣe ń padà.