“Awọ fẹ́lẹ́ bonú”: ṣé wọ́n pe ọmọ náà ní aṣebi ni?

Ìbéèrè yìí wá láti Òmù-Àrán. Àbúrò ẹni tó béèrè fẹ́ di sístà Kátólíìkì, wọ́n sì ní kó kọ́kọ́ lọ rí onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan ní Ìlọrin fún àyẹ̀wò. Ìyá wọn fárígá, ó ní orí ọmọ òun pé. Ni fádà bá ní, “Màmá, awọ fẹ́lẹ́ ló bonú, tí ò jẹ́ ká ríkùn aṣebi.” Inú bí màmá. Ṣé èébú ni?

Kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n fádà ṣi òwe pa díẹ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ dà ló sábà máa ń pa á, tàbí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ará ilé rẹ̀. “Aṣebi” ló ta màmá létí, bẹ́ẹ̀ “fẹ́lẹ́” gan-an ni kókó ibẹ̀. Awọ ikùn ò nípọn rárá, síbẹ̀ ìyá tó bíni ò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo àwọn ìyá níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu: wọn á fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀, wọn á fi èékánná họ èèpo díẹ̀, wọn á wò ó bóyá ó funfun nínú. Olójà á ní, “Ẹ má bó o tán o!” Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan iṣu.

Àwa náà kúkú ń wádìí. Kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ láyé àtijọ́, alárinà á ti yọ́ bi aládùúgbò léèrè: ṣé kò sí wèrè, ẹ̀tẹ̀, olè nínú ìdílé yẹn? Ti onímọ̀ yìí sàn jù, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń bi. Ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò tó gbajúmọ̀, MMPI-2, ní gbólóhùn 567 téèyàn á dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn gbólóhùn kan wà níbẹ̀ láti fi mọ ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tí ò purọ́ rí láyé. (Ẹni tó ń lọ sílé àwọn sístà ló yẹ kó ṣọ́ra fún ìyẹn jù!)

Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983, kánọ́nù (ìyẹn abala òfin) 642, ní kí wọ́n wo ìlera àti ìwà ẹni tó ń bọ̀, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe dàgbà tó, kí wọ́n sì pe onímọ̀ tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n kánọ́nù 220 ń dáàbò bo àṣírí ẹni; ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ gbà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ fádà kù síbì kan. Ọmọdé kì í pòwe lójú àgbà láìtọrọ àyè. Ká ní ó ti sọ pé “tótó, ó ṣe bí òwe,” màmá ì bá dá a lóhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa.”