Kí ni "họ́ọ̀sì" tí wọ́n ń kọ sára pọ́ǹpù omi?

Ẹnì kan béèrè ohun tí "wan họ́ọ̀sì" tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù rẹ̀ túmọ̀ sí. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé ìwọ̀n ẹrù tí ẹṣin kan lè gbé ni. Irọ́ ni o! Ìwọ̀n agbára tí ẹṣin kan fi ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹṣin tí à ń wí kò gbé ẹrù kankan. Ó ń fa nǹkan, ó sì ń rìn bó ṣe ń fà á. Ipá tó fi ń fà á àti bó ṣe ń yára rìn, méjèèjì lèèyàn gbọ́dọ̀ kà pọ̀.

James Watt, ọmọ Scotland, ló fi ìdí ìṣirò náà múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1783. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ló ń tà, ẹṣin ló sì ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ yí ọlọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye ẹṣin tí ẹ̀rọ náà máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Watt ṣírò pé ẹṣin ń fa ọlọ pẹ̀lú ipá tó tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 180. Láti àárín ọlọ dé ibi tó ń tẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì ń yí i ká nígbà 144 ní wákàtí kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 181 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi 180 sọ 181 di púpọ̀: ó lé ní 32,500. Watt sún un sí 33,000, ó parí. Wáàtì 746 la ń pe iye yẹn lónìí.

Ẹ fi ipá sọ eré di púpọ̀, òun ni agbára. Ẹni tó ti ògiri títí tó fi làágùn, tí ògiri ò mira, òdo ni agbára tó fi ṣiṣẹ́ lára ògiri. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ka òfin náà lórí bí orin, wọn ò sì lè fi ra pọ́ǹpù. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí wọn ò fọwọ́ fa omi rí? Àwa tá a fi okùn fà á mọ̀ pé korobá kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yára fà á ló ń kọ́kọ́ mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní ti pọ́ǹpù yẹn, ká ní nǹkan kan ò ṣòfò, wan họ́ọ̀sì lè gbé omi lítà 2.5 gòkè mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kànga bá jìn tó mítà 60, ìdajì omi yẹn ló máa rí gbé. Páìpù àti mọ́tò á sì tún jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀.