Igbó, aró, ìwé ààfin: owó wọn kì í ti ọwọ́ kan wá

Ẹ kú àníyàn ìlú, ọ̀gá. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ohun mẹ́ta lẹ fẹ́ fi owó ìrànwọ́ kan ṣoṣo ṣe: ẹ fẹ́ dáàbò bo igbó òrìṣà, ẹ fẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ìyá aláró, ẹ sì fẹ́ gba àwọn ìwé àtijọ́ ààfin lọ́wọ́ ikán. Ẹ tú wọn ká. Olówó kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń náwó lé, ìwé ìbéèrè tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kì í kọjá ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá kà á.

Ti ìwé ààfin, Endangered Archives Programme ti British Library ni, ètò tó ń fúnni lówó láti gba ìwé àtijọ́ tó fẹ́ parẹ́ là. Láti 2004 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ojúlówó ìwé kì í kúrò nílùú; àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń yà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìdánwò, tí kì í ju £15,000 lọ, èyí tí ẹ máa fi wo ohun tó wà ńlẹ̀ àti bó ṣe bàjẹ́ tó. Àmọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lásán kò tó. Ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé tàbí irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ẹni tó ń kọ̀wé, nítorí náà ẹ ti wá olùkọ́ yunifásítì kan kí wọ́n tó kéde pé àwọn ti ń gba ìwé ìbéèrè. Ẹ ka àpótí tó wà níbẹ̀, ẹ ka ewé inú ẹyọ kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po. “Ìwé pọ̀ níbẹ̀” kò sọ nǹkan kan fún wọn.

Aró lọ sí Endangered Material Knowledge Programme ti British Museum, ètò tó ń sanwó àkọsílẹ̀ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ parẹ́. Bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí: ewé ẹlú tí wọ́n gún tí wọ́n sì sá, eérú inú àjẹrẹ tí omi ń kán gba inú rẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi ojú àti imú mọ̀ pé ìkòkò ti tó rẹ aṣọ. Ijó àti ọdún nìkan kò bá wọn lára mu. Fídíò àti àwòrán yẹn máa bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ yáa bi àwọn ìyá léèrè ohun tí kò gbọdọ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan.

Igbó lọ́rọ̀ rẹ̀ gùn. Rufford Foundation, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń náwó lórí ìdáàbòbò igbó àti ẹranko, ń gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kékeré, ẹni mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí yín. Wọn kì í sanwó ọ́fíìsì, wọn kì í sanwó ìpàdé òkè òkun. Small Grants Programme ti GEF (àpò owó àgbáyé fún àyíká), tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bójú tó láti 1992, ẹgbẹ́ ló wà fún. Wọ́n á béèrè ohun tí ìlú fúnra rẹ̀ mú wá, ẹ ṣírò owó iṣẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ṣán ọ̀nà àti gbọ̀ngàn tí ẹ ń lò. Ambassadors Fund, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú ohun àjogúnbá, máa ń tún ilé àti ojúbọ àtijọ́ ṣe lọ́dún tí wọ́n bá ṣí i. Kì í kan igbó gẹ́gẹ́ bí igbó, kì í sì í kan ohun ìní aládàáni. Ẹ má kàn kọ pé òrìṣà ló ni igbó kí ẹ dákẹ́. Ìrókò àti arère mélòó ló kù? Ṣé pákó ni wọ́n ń gé, àbí oko kòkó ló ń wọlé? Èèwọ̀ tó ń ṣọ́ igbó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ so ó mọ́ ohun tó ṣeé kà.

Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ló ń pa ọ̀pọ̀ ìwé. Kábíyèsí fọwọ́ sí i, ó dáa, àmọ́ bó bá jẹ́ ìdílé kan ló ni igbó, ti olórí ẹbí ni wọ́n máa béèrè. Bí ẹjọ́ oyè bá wà ńlẹ̀, ẹ gba ìfọwọ́sí apá méjèèjì tàbí kí ẹ dúró.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀: ìkéde inú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá ní àtakò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí; ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, tí báńkì máa béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì.

Ní ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kàn kọ “ìrìnnà, £500” kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ènìyàn 3, ìrìn 8, ₦12,000 fún ẹnì kan lálọ àtàbọ̀, ₦288,000. Ohun tó ń ti òkè òkun wá, bíi kámẹ́rà àti háàdì dúráìfù, ẹ fi dọ́là ṣírò rẹ̀. Láti June 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, iye tí ẹ bá fi náírà kọ lè ti yí kí owó tó wọlé. Apá ìkẹyìn owó ìrànwọ́ sábà máa ń dúró de ìròyìn ìparí iṣẹ́, ẹ wá ibi tí ẹ ti máa rí owó yẹn fi rọ́pò ná. Owó àwọn àgbà tó ń kọ́ni, ẹ fi orúkọ àti iṣẹ́ wọn sí i, kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Ọtí ni kò ṣeé fi síbẹ̀. Owó ìjọba Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ra ọtí rárá, síńnápù ìwúre náà ọtí ni lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi owó àpò wọn ra ìyẹn, kí rìsíìtì rẹ̀ má sì wọnú fáìlì.