Èsì: Ṣé The Breakers tó wà lónìí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé ilé The Breakers tó kọjú sí òkun ní Newport, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀, àti pé kí ló dé tó fi rí bí odi. Rárá o, ìkejì ni. Pákó pọ̀ lára ti àkọ́kọ́. Cornelius Vanderbilt Kejì, olówó ọkọ̀ ojú irin, rà á ní 1885, iná sì jó o ní 1892. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá: nígbà tí Richard Morris Hunt ń ya àwòrán ilé tuntun, Vanderbilt ní kò gbọdọ̀ sí igi nínú ohun tó gbé ilé ró. Òkúta, bíríkì àti irin ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbé iná tó ń mú ilé móoru jìnnà sílé, sábẹ́ ilẹ̀.

Wọ́n parí rẹ̀ ní 1895, yàrá 70, bí ààfin àwọn ọlọ́lá Ítálì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ilé ìwẹ̀: omi òkun lọ́tọ̀, omi lásán lọ́tọ̀, tútù àti gbígbóná! Vanderbilt kú ní 1899, kò gbádùn ilé náà pẹ́.